Ìrora Ọjọ́ Kejì: Ohun Tí Sísọ̀kalẹ̀ Ń Ṣe fún Iṣan Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera, nítorí pé ètò ọdún yìí kún fún eré ìdárayá: ìrìn ẹsẹ̀ gígùn, okùn fífà, àti bọ́ọ̀lù láàárín àwọn tí ó ti gbéyàwó àti àwọn àpọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a yàn kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé. Èé ṣe tí ara fi ń ro wá ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ tí kò mọ́ wa lára? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan wa? Báwo ni a sì ṣe lè yẹra fún ewu tí ó wà níbẹ̀?

Kò sí àgbàlagbà kan níhìn-ín tí kò mọ ìrora tí à ń wí. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí kò mú ọkọ́ dání bá wálé, ó bá bàbá rẹ̀ kọ ebè fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ náà ó rẹ̀ ẹ́, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn itan rẹ̀ le gbagidi. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè bẹ̀rẹ̀ di okùn bàtà rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó bá lọ wo Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn tí a ó gùn lé ní 600. Nígbà tí ó ń gòkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń dúró sinmi. Nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni itan rẹ̀ yóò kọ̀ láti bá a sọ àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ kalẹ̀.

Nítorí pé ìrora náà kì í dé lójú iṣẹ́, ó ṣòro fún ènìyàn láti mọ ibi tí ó ti wá. Òmíràn a ní ibà ni. Òmíràn a ní làkúrègbé ni. Òmíràn a ní ẹnì kan ni ó fi ojú burúkú wo òun lórí pápá. Ẹni tí ó kàwé díẹ̀ nínú wa a sì máa sọ pé ásíìdì ni ó dì sínú iṣan. Èyí tí ó burú jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa, lẹ́yìn ìrírí ẹ̀ẹ̀kan péré, a pinnu pé eré ìdárayá kò bá àwọn lára mu. Wọn a jókòó sójú kan, títí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìlágbára ẹsẹ̀ yóò fi bá wọn níbẹ̀. Nítorí èyí ni ó ṣe yẹ kí a mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Iṣan Ń Gbà Ṣiṣẹ́

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a mọ iṣan tí à ń wí. Ní èdè wa, iṣan ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara. Iṣan kan náà ni a sì ń pe ẹran ara tí ń fa egungun. Ti ìkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀, òun náà ni pé kí ó fà. Kò mọ bí a ti ń ti nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni fífà náà lè gbà yọrí.

Ẹ wo ẹni tí ó ń gbé garawa omi láti ilẹ̀ lọ sórí tábìlì. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ká sókè, iṣan iwájú apá rẹ̀ ń fà, ó sì ń súnkì. Bí ó bá dá garawa náà dúró ní agbedeméjì, iṣan náà ń fà, ṣùgbọ́n kò súnkì, kò sì nà. Bí ó bá wá ń sọ garawa náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi má baà dànù, iṣan kan náà ni ó ṣì ń fà, nítorí pé bí ó bá dẹ̀, garawa yóò já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù náà ń borí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣan sì ń nà bí ó ti ń fà. Ẹ fi í wé ẹgbẹ́ tí a ń borí nínú eré okùn fífà: wọn kò jọ̀wọ́ okùn, gbogbo agbára wọn ni wọ́n fi ń fà á sí ìhà tiwọn, síbẹ̀ a ń wọ́ wọn lọ síwájú.

Ipò tí iṣan wà nìyí nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, orúnkún a ká díẹ̀, iṣan iwájú itan a sì fà pẹ̀lú agbára kí orúnkún má baà yẹ̀ lábẹ́ wa. Ó ń fà, ó sì ń nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ẹ̀yìn itan ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kọ ebè: òun ni ó ń di ara mú bí a ti ń tẹ̀ba síwájú, kí a má baà dojú bolẹ̀.

Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Rí

Ó ti lé ní 100 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1902, Theodore Hough, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ya àárẹ̀ tí ń mú iṣan lójú iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìrora tí ń dé ní ọjọ́ kejì. Ó ní ó jọ pé ohun kan tí ó fàya nínú iṣan ni ó ń fa ti ìkejì. Ní 1956, Erling Asmussen ní Denmark fi hàn pé sísọ ẹrù kalẹ̀ ni ó ń fa ìrora náà, kì í ṣe gbígbé e sókè.

Ní 1983, Newham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ènìyàn máa gun orí àpótí kan kí wọ́n sì máa sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ni yóò máa gbé ara sókè, ẹsẹ̀ kejì ni yóò sì máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Ara kan náà ni ẹsẹ̀ méjèèjì gbé, àpótí kan náà sì ni. Síbẹ̀, itan ẹsẹ̀ tí ń sọ̀kalẹ̀ nìkan ni ó ro wọ́n lẹ́yìn náà. Ní ọdún yẹn kan náà, Schwane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọkùnrin sáré fún ìṣẹ́jú 45 lórí ẹ̀rọ tí ó tẹ́jú, wọ́n sì tún mú wọn sáré bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó dagun sísàlẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ásíìdì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ara kò ro wọ́n ní ọjọ́ kejì. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ásíìdì kò pọ̀ sí i, ara sì ro wọ́n gan-an. Ẹ̀sùn tí a fi kan ásíìdì ṣubú níbẹ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán ni ó wà nínú iṣan, nínú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn ègé tíntìntín tò tẹ̀lé ara wọn bí òrùka ẹ̀wọ̀n. Bí 400 irú ègé bẹ́ẹ̀ ni yóò tò kí wọ́n tó gùn tó mìlímítà kan. Agbára wọn kò dọ́gba. David Morgan, ti Yunifásítì Monash ní Australia, ṣàlàyé ní 1990 pé nígbà tí a bá fa iṣan gùn bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ègé tí ó lẹ jù lọ ni yóò kọ́kọ́ nà kọjá ìwọ̀n. Bí ó ti ń nà kọjá ìwọ̀n ni ó túbọ̀ ń lẹ, títí yóò fi ṣí gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kan èyí tí ó tún lẹ tẹ̀lé e. Nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn a padà sí ipò wọn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í padà. Bí iṣẹ́ náà bá sì ń lọ láìdáwọ́ dúró, àwọn tí ó bàjẹ́ a máa pọ̀ sí i, títí awọ fọ́nrán pàápàá yóò fi ya. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1981, Jan Fridén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden bu ẹran díẹ̀ láti ẹsẹ̀ àwọn tí ó sáré sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọ́n sì rí i kedere pé ibi tí ègé kan ti so mọ́ èkejì ti fàya, ó sì ti wọ́ kúrò ní ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ara yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe. Omi a wọ ibẹ̀, ẹran a wú díẹ̀, àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ a dé, ibẹ̀ a sì máa ro bí a bá fọwọ́ kàn án. Gbogbo èyí ń gba wákàtí púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń dé góńgó láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé agbára iṣan kì í dúró de ìrora. Láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti parí ni agbára náà ti dín kù, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà. Ẹsẹ̀ kì í sì í mọ ibi tí òun wà dáadáa ní àkókò náà. Nítorí èyí ni àgbàlagbà tí ó rin ìrìn gígùn lánàá fi lè yọ̀ṣubú lórí àtẹ̀gùn lónìí.

Èémí Kì í Kìlọ̀ fún Wa

A wá dé ibi tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mú lọ. Ní 1952, Abbott, Brenda Bigland àti Ritchie ní London so kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀ ní ẹ̀yìn-sí-ẹ̀yìn. Ẹnì kan ń wa tirẹ̀ síwájú. Ẹnì kejì kò ṣe ju pé kí ó máa fi ẹsẹ̀ dá a lọ́wọ́ kọ́, bí ìtẹ̀sẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń yí sẹ́yìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Agbára tí àwọn méjèèjì fi tẹ kẹ̀kẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹni tí ń dáni lọ́wọ́ kọ́ fà sínú kéré púpọ̀ sí ti ẹni tí ń wà. Nígbà tí wọ́n fi í han àwọn ọ̀mọ̀wé, obìnrin kékeré kan ni ó jókòó dá ọkùnrin sígbọnlẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, ọkùnrin náà ni ó sì kọ́kọ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí iṣan bá ń nà bí ó ti ń fà, fọ́nrán díẹ̀ ni ara ń rán níṣẹ́ láti di ẹrù mú. Èyí dín afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ tí iṣan ń lò kù, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó yẹ kí ọ̀pọ̀ pín gbé ti wá di ti àwọn díẹ̀. Àwọn díẹ̀ náà ni ń fàya. Nígbà tí a bá ń gòkè, èémí ń kìlọ̀ fún wa, ọkàn ń lù kìkì, a ó sì dúró. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, kò sí ohun kan tí yóò kìlọ̀. Iṣẹ́ tí ó rọrùn jù lójú wa ni ó ń ba iṣan jẹ́ jù lọ. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi bí iṣẹ́ ti rọrùn tó ṣe òṣùwọ̀n irú iṣẹ́ yìí. Ṣe ni kí a ti fi ìwọ̀n sí i kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi wá sílẹ̀ láìní ọ̀nà àbáyọ. Iṣan tí ó bàjẹ́ díẹ̀ a máa san, bí ó bá sì san, a le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò rí i pé ìrora rẹ̀ kò tó ìdajì ti ìṣáájú, ààbò yìí a sì máa pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó dára jù níbẹ̀ ni pé kò di dandan kí ti àkọ́kọ́ pọ̀ kí ààbò náà tó dé. Díẹ̀ péré tó. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè lójoojúmọ́ kì í fi í mọ ìrora tí ń dá ọmọ rẹ̀ tí ó ti ọ́fíìsì dé gúnlẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Nígbà Tí Ó Bá Di Ewu

Ìrora tí à ń wí yìí kì í pani, a máa lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún iṣan tí kò mọ̀ ọ́n rí, fọ́nrán tí ó ya yóò pọ̀ jù, èròjà pupa inú wọn yóò sì tú sínú ẹ̀jẹ̀, yóò lọ dí kíndìnrín. Ìtọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ a dúdú bí omi tíì tí ó le tàbí bí kóòkì, iṣan a wú, agbára a sì lọ. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró wo ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn aláìlágbára nìkan ni èyí ń bá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà padà láti ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ní kí wọ́n gbé irin lé èjìká, kí wọ́n lóṣòó kí wọ́n sì dìde nígbà 100. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, 13 nínú wọn ti dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìtọ̀ dúdú. A dúpẹ́ pé gbogbo wọn ni ara wọn yá. Akíkanjú ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti mú ààbò iṣan wọn lẹ, a kò sì fún wọn láyè láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, bí ọmọ bá pẹ́ dé tàbí tí ó pariwo, ìyà tí a máa ń fi jẹ ẹ́ ni pé kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká, tàbí kí ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú kí ó máa lóṣòó kí ó máa dìde nígbà 100 tàbí 200. A rò pé ó sàn ju ẹgba lọ, nítorí pé kò fi àpá sílẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí gan-an ni ó ń na iṣan itan bí ó ti ń fà, ọmọ tí kò ṣe é rí ni a sì ń fún ní ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àpá wà, inú ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni kí a rántí pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ le, kì í ṣe aláìsàn, ṣùgbọ́n ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 lórí àwọn sójà adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú ìbàjẹ́ iṣan líle yìí ń bá àwọn AS ju àwọn tí kò ní in lọ. Olùkọ́ tí ó dúró sínú oòrùn tí ń ka iye ìgbà tí ọmọ fò kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára ọmọ náà.

Ìmọ̀ràn Wa

Lákọ̀ọ́kọ́, a bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí ìrìn ẹsẹ̀ ọdọọdún má ṣe jẹ́ ohun tí a ń bá pàdé lójijì. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nílé àti lẹ́yìn odi, bẹ̀rẹ̀ ìrìn kúkúrú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí a sì fi ibi tí ó dagun díẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ títẹ́jú nìkan kò lè kọ́ iṣan bí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Kí a máa fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ti London àti Amẹ́ríkà bọ̀, tí iṣẹ́ yín jẹ́ ti ìjókòó, ẹ má ṣe fi ọjọ́ kìn-ín-ní san gbèsè ọdún kan lórí oko bàbá yín.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe sá fún eré ìdárayá. Iṣẹ́ tí ń na iṣan yìí kan náà, bí a bá fi ìwọ̀n sí i, òun ni ó yẹ àgbà jù, nítorí pé ó ń fún iṣan lágbára láìgba èémí púpọ̀. Ẹ jókòó sórí àga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ má ṣe já lulẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà márùn-ún, ẹ sinmi ọjọ́ méjì, kí ẹ tún ṣe é. Bí ẹ bá rìn jìnnà, ẹ di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí ara bá ń ro kí ó mu omi, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fún iṣan náà láyè láti san. Kí ó má ṣe máa gbé oògùn apàrora bí Ibuprofen tàbí Diclofenac mì léraléra láti lè padà sórí pápá, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa kíndìnrín lára nígbà tí iṣan bá bàjẹ́ púpọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, a bẹ Ẹgbẹ́ pé kí ó bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ní ìlú yìí sọ̀rọ̀, kí a dáwọ́ ìyà fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ àti ìlóṣòó àìníye dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ gbá àyíká, kí ó bu omi sí òdòdó, tàbí kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìbáwí ni a ń fẹ́. A kò fẹ́ kí òbí rán ọmọ wá sí ilé ẹ̀kọ́ kí ó gbà á padà pẹ̀lú kíndìnrín tí ó bàjẹ́.

Ìlú tí ara àwọn ọmọ rẹ̀ bá le ni ó lè kọ́ ilé ìwòsàn, ni ó lè la ọ̀nà, ni ó sì lè rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ìlera, kí ó sì pa wá mọ́ di ọdún mìíràn. Àṣẹ.